Làálì Ẹ̀yìn Eku

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹfà, 1994

Ọ̀gá àgbà pe èmi àti Dókítà Olúgbénró sókè láàárọ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n gbé omi tútù fún wa kí ó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nílé iṣẹ́ oògùn yìí, tí wọ́n bá ti ń fi omi tútù ṣe ẹ́ lálejò, kí o yáa máa wá ibi tí wàá gbà. Ó ní àwọn ò lè máa bọ́ eku mọ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ gan-an ò rí jẹ. Ó fún wa títí di ìparí oṣù kẹsàn-án. Bí a bá rí èèpo igi kan ṣoṣo tó kápá jẹjẹrẹ lára eku, àwọn òyìnbó tó ni ilé iṣẹ́ yóò fi owó ránṣẹ́, iṣẹ́ yóò máa lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ti ilé àyẹ̀wò wa, wọn yóò máa kó páálí oògùn ẹ̀fọ́rí síbẹ̀, kálukú yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Èèpo méjìlá la ti dán wò láti èṣí. Òfo ni gbogbo wọn. Ó ku ẹyọ kan, èyí tí Dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ bó lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í dárúkọ igi náà lójú ẹnikẹ́ni, Kẹtàlá là ń pè é. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní ohun tó dára ni Ọlọ́run máa ń fi ṣe ìkẹyìn. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń gún eku lábẹ́rẹ́, mi ò tíì rí èyí tó dúpẹ́.

Ẹtì, 3 Oṣù Kẹfà

Ọ̀dà tí a fi ń sàmì sára eku ti tán. Mo ní kí wọ́n bá mi wo iye rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Iye tí wọ́n pè é, mi ò ní kọ ọ́ síbí, inú á tún bí mi. Ogún eku funfun, ojú kan náà. Bí kò bá sí àmì, ta ni yóò mọ èyí tó mu èèpo yàtọ̀ sí èyí tó mu omi lásán?

Mo rántí Fàúsát, ọmọ tí ìyá onílé mi bí. Òun ló ń lé làálì fún àwọn ìyàwó ní gbogbo agbègbè wa l'Ágége. Ohun tí òun, ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń jẹ nìyẹn, nítorí ọkọ rẹ̀ tó wà ní Kánò, ìgbà tó bá rántí ló ń fowó ránṣẹ́. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi làálì ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òun ti lé e fún ọmọ alhaji, òun ti lé e fún arúgbó tó ń lọ ilé ọkọ kẹta, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ìyàwó tó ní ìrù. Ó bu ìyẹ̀fun làálì sínú ọ̀rá fún mi, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, kò gba kọ́bọ̀.

Nùréènì ló lé e sára wọn. Òun ló ń bọ́ àwọn eku, tó ń fọ kéèjì wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bí ogójì ọdún. Mo di eku mú, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sàmì sí wọn, èyí lórí, èyí lọ́rùn, èyí lẹ́yìn, èyí nídìí, kálukú pẹ̀lú ibi tirẹ̀. Ó ní ó ku kí a pe lèmọ́mù. A rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹfà

Àná ló pé ọdún kan tí a dìbò. Sọ́jà kún gbogbo oríta. Mo wá síṣẹ́ ní tèmi.

Ẹni tó bá rí mi lónìí á rò pé orí mi ti yí. Eku tó ru jẹjẹrẹ wa láti oṣù tó kọjá ti ń kú lọ, mo sì ń sáré sókè sódò, torí bó bá kú kí n tó gba jẹjẹrẹ náà lára rẹ̀, ó tán, kò sí òmíràn. Ohun tí gbogbo ayé ń sá fún, èmi ni mò ń tọ́jú bí ọmọ ọwọ́. Mo gbà á, mo gún un sí ìhà ogún eku tí a lé làálì fún. Kókó yóò yọ kí oṣù tó parí.

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kẹfà

Kókó ti yọ lára gbogbo wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn mẹ́wàá ní omi Kẹtàlá. Ó korò débi pé wọ́n ń gbọnrí. Òjò ò dá láti àárọ̀.

Ẹtì, 8 Oṣù Keje

Àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí epo, kò sí ọkọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn lórí ojú irin láti Agége dé Ìkẹjà, èmi àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. NEPA ti mú iná láti àná. Epo tó kù nínú jẹnẹrétọ̀, fíríìjì nìkan la fi í gbé.

Nùréènì ò lọ sílé mọ́, Ọ̀tà ló ń gbé, ibẹ̀ ti jìnnà jù fún ẹsẹ̀. Inú yàrá eku ló ń sùn. Mo wọn àwọn kókó lójú rẹ̀. Tàwọn tó mu èèpo ń tóbi gẹ́gẹ́ bíi tàwọn tó mu omi. Ó bi mí bóyá ó ń lọ dáadáa, mo ní kò lọ. Ó ní kí wá ni tàwa báyìí, ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ kẹrin. Ẹsẹ̀ ń ro mí, ebi ń pa mí. Mo dá a lóhùn pé bí àwọn eku wọ̀nyẹn bá ti kú, kí ó yáa lọ wá nǹkan mìíràn ṣe, nítorí àwọn ló ń bọ́ wa, àwa kọ́ là ń bọ́ wọn. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Keje

Mi ò rí kókó kan mọ́, ti eku tó ní làálì lórí. Mo fọwọ́ wá a, mo tún un wá. Mi ò tíì sọ fún Dókítà. Ó lè jẹ́ ojú mi ni.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Keje

Mẹ́rin. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Kókó ti lọ ráúráú, ibẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń sáré kiri, wọ́n ń jẹun. Àwọn tó mu omi ń kú lọ ní tiwọn.

Mo pe Dókítà. Ó gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ pa wọ́n níhà, ó jókòó sórí àpò oúnjẹ eku, ó sì bú sẹ́kún. Àgbàlagbà ọkùnrin. Èmi náà sunkún, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Ó ní wọ́n ti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ tó nílé iṣẹ́ yìí, wọ́n ní elégbòogi tó ń wọ táì ni òun. Nùréènì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìgbálẹ̀ mú, ó ní Alhamudulilahi. Ó ti rù gan-an, àìsùn nílé ni.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Keje

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àná, níbi kànga, mo sọ ọ́ jáde lágbàlá pé a ti rí oògùn jẹjẹrẹ. Mi ò lè gbé e mọ́ra.

Lónìí Fàúsát wọ yàrá mi, ó ti ìlẹ̀kùn, ó tú bùbá rẹ̀. Ọyàn òsì ni. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tó àgbálùmọ̀ kékeré kan, ó le, kò sì kúrò lójú kan. Ó ní láti ìgbà ààwẹ̀ ni òun ti mọ̀. Ọsibítù ìjọba ti fún un lọ́jọ́, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, wọn yóò gé e. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀. Wọ́n ní kí ó ra ìbọ̀wọ́, òwú, abẹ àti omi tí wọ́n máa fà sí i lára wá fúnra rẹ̀. Ó ní gbogbo ìyẹn ò já mọ́ nǹkan, pé kí ọkọ dé láti Kánò kí ó bá òun pẹ̀lú ọyàn kan ṣoṣo ló ń ba òun lẹ́rù. Ó wá ní kí n fún òun nínú oògùn wa. Mo ní kò tíì kan ènìyàn, eku nìkan la fún. Ó kúnlẹ̀.

“Àǹtí Dùnní, eku lásánlàsàn lẹ̀ ń wò sàn. Èmi ńkọ́?”

Mo ní kí ó dìde, kí ó lọ sùn. Mo ní rárá. Èmi fúnra mi ò sì rí oorun sùn.

Ẹtì, 22 Oṣù Keje

Mo fún un. Ìgò ńlá kan, kí ó máa mu ṣíbí kan láràárọ̀. Mo sọ fún un pé èyí ò dí iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, kí ó rí i pé ó lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ó fi Kùránì búra.

Kí n kọ ọ́ síbí bó ti rí. Mo fún un nítorí pé mo gbà á gbọ́. Mo ti fojú ara mi rí kókó mẹ́rin tó wà, tí kò sí mọ́.

Ẹtì, 29 Oṣù Keje

Kò lọ. Ó kọ́kọ́ ní ọkọ̀ ò sí. Ó tún ní òun gbọ́ pé àwọn dókítà pàápàá ò wá síṣẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òótọ́ jáde. Kókó ti ń rọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ gé? Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án, ó sì dà bí ẹni pé ó rọ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń wù mí ni ọwọ́ mi ń sọ fún mi, mi ò kúkú mọ̀.

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́. Òun ló ń bu oògùn náà fún un báyìí, a sì ń gbọ́ Bisimilahi rẹ̀ láti ìta. Ó gbé ẹ̀wà wá fún mi nínú abọ́ tó ní ìdérí. Ìyá onílé tó ń lé mi kiri nítorí owó iná ní oṣù méjì péré sẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹjọ

Kò sí iná láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò sí omi. Gálọ́ọ̀nù epo kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lábẹ́lẹ̀ ti ju owó oúnjẹ mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Eku ò ké bí eku mọ́, ẹyẹ ò ké bí ẹyẹ, nílùú yìí.

Ẹtì, 12 Oṣù Kẹjọ

Ọ̀gá àgbà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá eku. Ó fi áńkáṣíìfù dí imú. Gbogbo àwọn tó mu omi ti kú. Nínú mẹ́wàá tó mu Kẹtàlá, mẹ́ta ló kú, ọ̀kan ṣì ń wọ́ kókó rẹ̀ kiri, mẹ́fà ti sàn. Ọ̀gá ní òun ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó, pẹ̀lú orúkọ Dókítà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí wá ọsibítù tí yóò gbà kí a fún àwọn aláìsàn. Ó bọ Nùréènì lọ́wọ́.

Dókítà ra mínírà àti bísíkíìtì fún gbogbo wa. Nùréènì ò fẹnu kan tirẹ̀. Mo bi í bóyá ààwẹ̀ ló ń gbà. Ó ní inú ló ń run òun.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹjọ

Mo rí ọ̀kadà gùn láàárọ̀ yìí, mo tètè dé ibi iṣẹ́. Oòrùn ti yọ lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ gbogbo, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sórí kéèjì. Mo gbé eku tó ní làálì lẹ́yìn. Làálì náà pupa fòò.

Mo gbé èyí tí kò sàn, èyí tó ń wọ́ kókó kiri, tí àmì tirẹ̀ wà nídìí. Làálì tirẹ̀ ti ṣí, ó ti dà bí omi ìdọ̀tí, irun funfun sì ti hù yọ lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan náà la lé e fún wọn, láti inú abọ́ kan náà. Mo ti lé làálì rí, nígbà ìgbéyàwó Sọ̀fíyàt ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ kìíní á pọ́n bí epo, tó bá di ọjọ́ kẹta á dúdú, lẹ́yìn ìyẹn ó di kó máa ṣí. Làálì oṣù kẹfà kì í pọ́n fòò ní oṣù kẹjọ.

Mo kó gbogbo wọn síta, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Eku tó kọ́kọ́ sàn, làálì tirẹ̀ ti ń ṣí díẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ṣí tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó sàn kẹ́yìn ló pupa jù. Bí wọ́n ti sàn tẹ̀ léra ni làálì wọn ṣe tuntun tẹ̀ léra. Mo jókòó sílẹ̀.

Nùréènì wọlé pẹ̀lú péèlì omi. Ó wo tábìlì, ó wò mí, ó rọra gbé omi náà kalẹ̀. Kò purọ́. Mo fẹ́ kó purọ́.

“Màdáámù, ẹ̀yin náà lẹ ní bí wọ́n bá ti kú, ó tán.”

Ó ní bí kókó eku kan bá ti tóbi jù, òun á yọ ọ́ jáde ní ìdájí, òun á sin ín sẹ́yìn ọgbà, òun á mú òmíràn tí kò ní nǹkan kan lára láti inú kéèjì àwọn tó ń bímọ, òun á po ìyókù làálì tó wà nínú ọ̀rá, òun á sì fi àmì síbi tí ti àkọ́kọ́ wà. Ó ní òun kàn fẹ́ kí a máa rí iṣẹ́ ṣe títí owó òyìnbó yóò fi dé ni. Bó bá dé, Dókítà á rí èèpo mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ní eku ṣá ni, òun ò rò pé ó lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Mo sọ fún un pé ẹnì kan ti ń mu ún láti oṣù tó kọjá, ó sì ti pa ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ tì. Ó bi mí pé ta ni. Mo ní ẹni tó fún wa ní làálì ni.

Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún Dókítà. Ó ti ìlẹ̀kùn. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni ẹni mìíràn tó mọ̀. Mo ní àwa mẹ́ta ni. Ó ní ó dáa, kí a mú eku mìíràn, kí a tún un ṣe, kí a má tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo ní pẹ̀lú oúnjẹ wo, pẹ̀lú iná wo? Ó ní orúkọ òun ló wà lábẹ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, orúkọ Ọ̀gá kọ́, orúkọ Nùréènì kọ́. Ó sọ ọ́ lásọtúnsọ.

Mo wá sọ ti Fàúsát fún un. Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi. Ó bi mí bí ọmọ náà ti dàgbà tó, mo ní kò ju ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Ó bi mí bóyá ó ní ọmọ, mo ní méjì. Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó sì gòkè lọ bá Ọ̀gá àgbà. Kò padà sọ́dọ̀ wa títí a fi ṣíwọ́.

Ẹtì, 19 Oṣù Kẹjọ

Mo bá Fàúsát lẹ́yìnkùlé, ó ń jọ làálì. Mo sọ ọ́ fún un láìfi bọpo bọyọ̀. Kò sí eku kankan tó sàn. Omi tó ń mu, omi igi kíkorò lásán ni. Kí ó dìde, kí a lọ sí ọsibítù lọ́la.

Ó ní òun mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, a ti rí olówó tó fẹ́ rà á. Mo ní Fàúsát, kò sí olówó kankan. Ó ní bí oògùn bá ti dára, tálákà kì í mu ún ju ìgò kan lọ. Mo fi sàréè bàbá mi búra. Ó ní kí n má fi òkú bàbá mi búra nítorí ọ̀rọ̀ owó, ó sì gbé ajọ̀ rẹ̀ wọlé.

Ó dùn mí gan-an. Ìgbà tí mo ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, kíá ló gbà mí gbọ́.

Àìkú, 28 Oṣù Kẹjọ

Fàúsát ò kí mi láti ọjọ́ náà. Lónìí, lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó wá fúnra rẹ̀. Ó gbé apá òsì sókè, ó mú ọwọ́ mi, ó fi sí abíyá rẹ̀. Kókó mìíràn wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Àwọn elépo ti padà síṣẹ́, mo rí ọkọ̀ gbé Fàúsát lọ sí ọsibítù. Dókítà oníṣẹ́ abẹ náà ti dàgbà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí a lọ ya fọ́tò àyà, ó gbé fọ́tò náà sójú iná, ó wò ó, ó wò ó. Ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kò sí ohun tí òun máa gé mọ́. Mo bi í pé ká ní a wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá ńkọ́? Ó ní ní oṣù keje, bóyá. Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Ó wá yíjú sí Fàúsát, ó bi í pé kí ló ń ṣe láti oṣù keje tí kò fi wá. Mo la ẹnu. Fàúsát di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fún un gan-an.

“Kò sí owó ni, sà.”

Ọkùnrin náà mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ tó fún ọdún yìí, kò yà á lẹ́nu.

Nígbà tí a ń bọ̀, mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá dárúkọ mi, wọ́n á mú mi, ta wá ni yóò máa gbé òun lọ gba abẹ́rẹ́ ìrora? Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ló sunkún, láti Ìkẹjà títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó ń fi ìborùn nu ojú kí àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa rí i. Èmi ni mo ṣe é. Nùréènì yí eku padà, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ìgò lé e lọ́wọ́.

Ẹtì, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Dókítà ti jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá, owó òyìnbó ò wá, wọ́n sì ti ilé àyẹ̀wò lónìí. A pa àwọn eku tó kù, pẹ̀lú èyí tó ru jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ tí mo ti ń gbé láti ara eku kan sí òmíràn láti ọjọ́ yìí wá, tí mi ò jẹ́ kó kú nínú òjò, nínú àìsí iná, nínú ìyanṣẹ́lódì, mo da aṣọ bò ó, mo sun ún lẹ́yìn ọgbà. Kò gba àkókò. Àwọn agbérù ti ń kó páálí wọlé kí iná náà tó kú.

Dókítà ò wá. Wọ́n ní ó ti ń wá vísà Saudi. Nùréènì gba ìwé tirẹ̀, ó tẹ̀ lé mi dé géètì, ó ní òun fẹ́ wá bẹ Fàúsát. Mo ní kí ó má wá. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ó ń sunkún lójú títì, àwọn ènìyàn ń wò wá. Mi ò lè bínú sí i mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i létí lọ́jọ́ tí ebi ń pa mí ló lọ mú ṣe. Mo kó ìyókù èèpo Kẹtàlá dání nínú àpò, wọ́n ń fẹ́ dà á nù.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti fi owó kún epo, gbogbo nǹkan ti tún gbówó lórí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní kẹ́mísìrì lọ́sàn-án, láti rí owó ilé ìwé Fúnkẹ́mi ọmọ mi, tó wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Fàúsát ò dìde mọ́. Ó ti kéré lórí ẹní.

Ìyá rẹ̀ kan ìlẹ̀kùn mi láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ìgò òfìfo. Ó ní oògùn ti tán láti àná, ó jọ pé mo ti gbàgbé. Mo bọ́ sí yàrá Fàúsát, mo ti ìlẹ̀kùn, mo bi í pé ṣé kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀ ni. Ó mi orí pé òun ò tíì sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa mọ́.

“Ẹ bá mi máa se é, Àǹtí. Màámi ò lè sùn bí wọn ò bá rí nǹkan kan fún mi mu.”

Mo lọ se é. Mo fọ èèpo náà, mo gbé e kaná lórí sítóòfù mi, mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó tutù, mo rọ ọ́ sínú ìgò. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, ẹni tó lè bí mi lọ́mọ, mo dì í mú kó má kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà. Ó ní irú ohun tí mo ṣe fún ọmọ òun, Ọlọ́run yóò rán ẹni tí yóò ṣe é fún Fúnkẹ́mi tèmi náà.

Ó dúró kí n dáhùn. Mo ní àmín.